Òdòdó Òkè Àyìnkẹ́

Àyìnkẹ́, ìyàwó ọdẹ kan, ló ń tọ́jú òdòdó orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wọn. Òdòdó náà pọ́n bí ìyeyè, kì í sì í ga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń tanná sí. Àwọn ará ìlú mìíràn a máa wá wò ó.

Nígbà tí Àyìnkẹ́ kú, ọkọ rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má dáná sun òkè náà mọ́, kí iná má bàa jó òdòdó ìyàwó òun. Òjò rọ̀, koríko ga ju ènìyàn lọ, òdòdó kankan kò yọ.

Àwọn aládùúgbò ní, "Ó ti bá ẹni tó ni ín lọ."

Ọdẹ́bùnmi, ọmọ wọn, ya koríko, ó fi ewé kékeré kan tó ti ṣì han bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, kò kú. Koríko ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí koríko tó gbẹ tán, ni ìyá mi máa ń sun ún."

"Bí iná bá jó o tán ńkọ́? Òun nìkan ló kù mí kù lára ìyá rẹ."

"Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣu rẹ̀ wà, Bàbá. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ kì í débẹ̀."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàbá gbà. Ọmọ ro ẹsẹ̀ òkè yíká kí iná má bàa wọ oko olóko, ó sì ṣáná sí i.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òdòdó bo gbogbo òkè.

Aládùúgbò kan pariwo pé, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ta ló jí òkú òdòdó dìde?"

Ọdẹ gbé àyà sókè. "Iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ Àyìnkẹ́ ni!"