Àríkẹ́ Ọláníhùn àti Awẹ́ Àkọ́kọ́

Ilé ìwòsàn Akínkọ́rà kọ̀ láti gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjì gbáko ni àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Agbájé ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa wá fáìlì aláìsàn jáde. Wọn kò fi han nọ́ọ̀sì kankan, nítorí Ọ̀gá Agbájé gbà pé a kì í gbé ọbẹ̀ tí kò tíì jinná síwájú àlejò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Ìyá Arogundádé, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, aláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú mi, ẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ àdírẹ́sì rẹ̀?" Ilé ìwòsàn ní bí òjò ọdún náà bá dá tí àwọn kò rí èyí tó wúlò, àwọn yóò padà sídìí ìwé. Gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kálukú yóò túká nìyẹn.

Ọ̀gá ní kí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àríkẹ́ dìde láàárín àwọn òṣìṣẹ́: Àríkẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn, adúmáadán, ọmọ ahunṣọ-má-kánjú, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, síbẹ̀ tí gbogbo ilé máa ń pa lọ́lọ́ fún.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í hun agbádá. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là ń hun, a ó sì fi han ẹni tó ni aṣọ kí a tó hun èyí tó kù, kí a sì rán wọn pọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wù ú, awẹ́ kan ló bàjẹ́, agbádá kò bàjẹ́. Àwa gbé odindi agbádá lọ bá ẹni tí a kò wọn èjìká rẹ̀."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Àríkẹ́, ṣé kọ̀ǹpútà lo wá fẹ́ fi hun òfì ni?"

"Ẹ fún mi ní awẹ́ kan, sà. Bí kò bá bá wọn mu, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé."

Ọ̀gá gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ náà: kọ orúkọ, fáìlì yóò jáde. Ìyá Arogundádé ní ó dára, ṣùgbọ́n ta ló mọ orúkọ inú fáìlì? 'Ìyá Ràfíátù' lásán ni àwọn aládùúgbò tó gbé aláìsàn wá mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi ṣú, orúkọ ọmọ ti ń wá fáìlì ìyá jáde. Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì àgbà yìí ti ń wá sí Mọ́kọ́lá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti wo awẹ́ tó kàn, pẹ̀lú ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá. Àríkẹ́ ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn kúrò. Láràárọ̀, ó ń mú kí wọ́n dúró yíká, kí kálukú sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tí yóò ṣe lónìí, àti ohun tó dí i lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá jókòó ló ń pìtàn. Kí òjò tó dá, gbogbo yàrá ilé ìwòsàn náà ti ń lo ètò wọn.

Àríkẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà lẹ́yìn ìgbà náà. Àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣì ṣófo nínú àwọn tó ń dúró yíká. Àwọn tí kò rí i rí pàápàá kì í dúró síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yí dé ibẹ̀, Ọ̀gá Agbájé, tí orí rẹ̀ ti funfun báyìí, a kọjú sí àyè náà, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ohùn jẹ́jẹ́ kan, kí ẹni tó kàn tó sọ̀rọ̀.

Àríkẹ́ tẹ̀ wọ́n láago lọ́dún Iléyá tó kọjá. Ó bèèrè bóyá wọ́n ti dá ilẹ̀kùn padà. Wọ́n ní rárá. Kò sọ ìgbà tí òun yóò wálé.