Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Gba Ìwé Lọ́wọ́ Ẹni Tó Bá Pẹ́

Nígbà kan rí, kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí à ń pè ní "ó tó gẹ́ẹ́". Bí ẹnì kan bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú rẹ̀ láti kọ nǹkan sí i, kọ̀ǹpútà á ti ìwé náà pa, kí ẹlòmíràn má baà dà á rú. Bí ẹni náà kò bá parí, títì ni ìwé náà máa ń wà.

Báyìí ló rí ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Òkè-Ọ̀san. Akínyọsoyè ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára níbẹ̀. Ilẹ̀kùn fìríìjì ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣí láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀jẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Akínyọsoyè ṣí ìwé ẹ̀jẹ̀ náà nínú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ dé ìdajì. Ni wọ́n bá pè é pé atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé rẹ̀. Ó sáré lọ, kò parí ohun tó ń kọ.

Kò pẹ́ sí i ni Àsàbí, ìyàwó Ọláníyọnu, bí ọmọbìnrin kan. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò dá. Nọ́ọ̀sì Fáṣọlá béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kó dúró. Ó tún béèrè, ó tún ní kó dúró. Àwọn dókítà náà béèrè tiwọn, gbogbo wọn tò sẹ́yìn ìwé kan ṣoṣo. Fáṣọlá sáré lọ fa ilẹ̀kùn fìríìjì tọwọ́tẹsẹ̀, kò ṣí.

Nígbà tí Akínyọsoyè fi dé, Àsàbí ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Morádéyọ̀, obìnrin tó kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé. Ó sunkún títí. Ó ní sùúrù lòun rò pé òun ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wá kọ àṣẹ tuntun: ìbéèrè tí kò bá rí èsì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí kọ̀ǹpútà dá a padà, kó sọ ẹni tó di ọ̀nà mú. Ẹni tó bá ṣí ìwé tó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo ohun tí ẹni náà ti kọ rẹ́, bí ẹni pé kò kọ ọ́ rí, kó sì tú ìwé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Akínyọsoyè rọra béèrè pé, "Mà, iṣẹ́ tí mo bá ti ṣe dé ìdajì ńkọ́?"

"Ẹ ó tún un ṣe, sà," ni Morádéyọ̀ wí. "Ta ló máa tún Àsàbí ṣe?"

Ọláníyọnu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ tuntun náà mọ́ àyà. Ó béèrè bóyá àṣẹ yìí lè ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, kó dé ọ̀sán àná. 

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń ka àkókò mọ́ ìbéèrè lórí, tó sì ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́. Inú sì ń bí àwọn èèyàn sí i. Wọ́n ní kò ní sùúrù.