Ìdí Tí Sẹmikólọ́nù Fi Ní Orí àti Ìrù

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń kọ lẹ́tà síra wọn, Ìgbín ni akọ̀wé gbogbo igbó. Kò ní gègé, kò ní yíǹkì. Orí ewé kókò ló máa ń rìn, omi ara rẹ̀ a gbẹ, a sì di ọ̀rọ̀ tó ń dán. Ohun tí ó bá ti kọ kò ṣeé pa rẹ́, nítorí Ìgbín kì í fi ẹ̀yìn rìn.

Àmì méjì péré ló mọ̀ nígbà náà. Èkíní ni àmì ìdánudúró, tó rí roboto bí kóró ọkà bàbà. Ẹni tó ń kàwé tó bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kí ó panu dé. Èkejì ni kọ́mà, tó ní ìrù. Ẹni tó bá dé ìdí kọ́mà a kàn gbé itọ́ mì, a sì máa bá eré lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń gbé lẹ́tà kiri. Òun náà ló ń kà á fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó Ẹtu wá sọ́dọ̀ Ìgbín. Ọkọ rẹ̀ ti sọdá odò láìdágbére, ó sì ti lo oṣù kan gbáko níbẹ̀ nídìí ewé ẹ̀wà tútù. Òjò ti ń ṣú. Bí odò bá kún kí ọkọ náà tó dé, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tó fojú kan ilé. Ìyàwó ní kí Ìgbín bá òun kọ gbólóhùn méjì péré. Inú ń bí i púpọ̀, síbẹ̀ kò gbàgbé láti fi ẹ̀yin pe ọkọ rẹ̀.

Ìgbín kọ ọ́ báyìí: "Inú ń bí mi sí yín. Mo ń dè yín nílé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e, ó di òdìkejì odò. Ó ka gbólóhùn kìíní, ó kan àmì ìdánudúró, ó panu dé. Ó rí ẹyìn pípọ́n kan lókè, ó gun ọ̀pẹ lọ. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹtu gbọ́ pé inú ń bí ìyàwó òun, kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó sunkún díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò pa àgọ́ sí.

Nígbà tí ìyàwó retí rẹ̀ tì, ó padà sọ́dọ̀ Ìgbín. Ìgbín ronú, ó ní àmì ìdánudúró ló ba nǹkan jẹ́. Ó mú ewé mìíràn, ó fi kọ́mà sí i: "Inú ń bí mi sí yín, mo ń dè yín nílé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ibi kọ́mà, kò dúró rárá. Ó da gbólóhùn méjèèjì pọ̀, ó yọ wọ́n lẹ́nu bí ẹni yọ àdá. Jìnnìjìnnì bo Ẹtu.

"Ó ń bínú sí mi, ó tún ń dè mí bí ọdẹ ti ń de ẹran?" ni ó wí. "Kí n wá lọ ṣe kí ni nílé?"

Ó sún àgọ́ rẹ̀ wọ inú igbó sí i.

Ìròyìn dé etí ìyàwó. Nínú òkúta márùn-ún tí wọ́n fi ń sọdá odò, omi ti bo mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo.

"Bàbá Ìgbín," ó wí, "ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀kan, kì í sì í ṣe méjì tó ti kọ ara wọn. Inú ń bí mi. Mo wá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo fẹ́ kí ó padà wálé. Ẹ bá mi kọ èémí yẹn sí i."

Láti ìgbà èwe ni Ìgbín ti ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó ní kí ó kọ èémí rí. Ó ń rò ó bí ó ti ń rìn lórí ewé. Nígbà tí ó dé òpin gbólóhùn kìíní, àṣà tó ti mọ́ ọn lára mú un, ó ju àmì ìdánudúró sílẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Kò ṣeé pa rẹ́, kò sì sí ewé mìíràn nítòsí. Ni Ìgbín bá rọra fà sísàlẹ̀, ó fi kọ́mà sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Inú ń bí mi sí yín; mo ń dè yín nílé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ka gbólóhùn kìíní fún Ẹtu. Ó rí kóró lókè, ó panu dé, ó gbé ẹsẹ̀ kan kí ó máa lọ sídìí ọ̀pẹ. Ó tún rí ìrù nísàlẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ó dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè. Ó mí.

Nínú ìdákẹ́ kékeré yẹn ni Ẹtu ti rántí àárọ̀ tí ó jáde láìdágbére, ó sì gba ẹ̀bi rẹ̀. Ìgbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mo ń dè yín nílé."

Òkúta kan ṣoṣo ló kù lójú omi nígbà tí Ẹtu bẹ́ sọdá. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kí ó má wọlé.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín," ó wí. Ó mí kanlẹ̀. "Oúnjẹ yín wà nílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni àmì tí à ń pè ní sẹmikólọ́nù ti ní orí bíi ti àmì ìdánudúró, tó sì ní ìrù bíi ti kọ́mà. Orí ní kí a dúró, kí a mí. Ìrù ní kí a má tíì lọ. Gbólóhùn méjì tó lè dá dúró ló wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sáré, tó ṣàdédé dúró gbagidi, tó tún bá eré rẹ̀ lọ, ẹ má pè é ní wèrè. Sẹmikólọ́nù ló kàn.