Ọdẹ Tó Ra Awò Tó Lágbára Jù

Ọdẹ kan wà tí ẹran ti wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní "Ọdẹ Ẹlẹ́fọ̀ọ́," nítorí ẹ̀fọ́ nìkan ló kù nínú ọbẹ̀ ilé rẹ̀. Wọ́n á pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó gbà pé ojú òun ló ń já òun kulẹ̀. Ló bá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, pé kí àwọn jọ lọ ra awò, irú èyí tí a ń gbé sójú méjèèjì tí ohun tó jìnnà fi ń sún mọ́ni.

Méjì ni ẹni tó ń tà á gbé síwájú wọn. Èkíní kò fi bẹ́ẹ̀ fa nǹkan mọ́ra, ṣùgbọ́n bí o bá fi wo igi, wàá rí igi, wàá rí ìdí rẹ̀, wàá sì rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ńkọ́? Háà! Èèrà tó wà lára igi ló fi hàn án, bí ẹni pé orí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ti ń rìn.

"Àbúrò, mú ti àkọ́kọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Igbó tiwa dí. Kò sóhun tó jìnnà níbẹ̀. Ká rí nǹkan tán ló ṣòro."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mú èyí tó lágbára. Ẹ̀sín yìí ti sú mi."

Ó mú un. Nígbà tó yá, wọ́n wọ igbó, wọ́n sì pínyà nídìí òkè kan. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú nígbà tí ewé mì lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdẹ gbé awò sójú. Ohun pupa rúsúrúsú kan kún inú awò náà, ó ń mì. Ìgalà ni àbí kí ni? Ó wá orí, kò rí i. Ó wá ẹsẹ̀, awò kò gba ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní àṣà kan. Bí ẹni méjì bá wà nínú igbó kan náà, tí ohun tí o rí kò sì dá ọ lójú, súfèé kí o tó yìnbọn. Ẹran á sá, ènìyàn á dáhùn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tiẹ̀ ti ṣu ẹnu jọ. Ẹ̀rù bà á pé ẹran yóò lọ, kí orúkọ burúkú yẹn wá lẹ̀ mọ́ òun títí ayé. Ló bá panu mọ́, ó yìnbọn.

"Yéè! Èmi ni o!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, nínú ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ pupa rúsúrúsú tó ti gbó. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ni ọta ti bá a nítan. Ọdẹ gbé e pọ̀n, ó ń sunkún lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sùn o! Ẹ dá mi lóhùn!" Gbogbo ọ̀nà ló fi ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò tún lè fẹsẹ̀ méjèèjì rìn dáadáa mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà ọdẹ bi àbúrò pé kí ló dé, ó ní, "Mo rí i kedere." Wọ́n ní, "Kí lo rí kedere?"

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o ní o rí àbúrò rẹ tó ń jáde nílé ẹni tó ń bá ọ du ilẹ̀ baba rẹ, o sì ti ṣe tán láti kọ̀ ọ́ lọ́mọ ìyá. Èmi ò ní o ò rí i. O rí i. Ṣùgbọ́n ta ló pè é wọlé? Kí ló bá lọ? Kí ló sọ? O ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí o bá bi í, yóò rí irọ́ pa. Jẹ́ kó pa á ná, kí o gbọ́. A kì í fìkánjú lábẹ̀ gbígbóná. Ó wà lóko rẹ̀ báyìí, ó ń kọ ebè, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bínú sí òun. Má tíì délé. Gba ibẹ̀ lọ, kí o bi í.