Ìṣirò Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbówú ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìṣirò tó ń ṣe nípa ọjọ́ tí odò yóò ya wọ ìlú ṣì ń lọ lórí kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì. Ìbídùn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kò pa ìṣirò tó ń jẹ́ orúkọ olóògbé náà rẹ́. Ta ni í pa orúkọ àgbà rẹ́?

Lọ́jọ́ tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ti gbogbo yunifásítì orílẹ̀-èdè, fóònù kò sinmi.

"Ta ni Ajíbówú? Ó ti gba gbogbo ẹ̀rọ wa!" ni àwọn yunifásítì yòókù ń pariwo.

Ọ̀gá rẹ̀ mirí. "Ìbídùn, ẹni tó bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó."

Ìbídùn sáré na ọwọ́ sí wáyà. Kó tó fà á yọ, ìdáhùn olóògbé hàn lójú ẹ̀rọ: "Òní ni."

Omi tútù kàn án lẹ́sẹ̀.