Mọ́tò Tó Kọ́ Gbóyèga ní Ìdọ̀bálẹ̀

Ní Òkè-Arère, bí agbéraga kan bá rọlẹ̀ lójijì, wọn kì í bú u. Wọ́n á kàn ní, "Mọ́tò tó rẹlẹ̀ ní í kọ́ ẹni tó ni ín ní ìdọ̀bálẹ̀." Àlejò á máa wò wọ́n lẹ́nu. Báwo ni mọ́tò ṣe di olùkọ́? Ta ló kọ́ rí? Gbóyèga ni ó kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kọ́ ọ.

Gbóyèga ra mọ́tò pupa kan, ó ní ó ga jù. Ó gbé e lọ bá Jímọ̀, mẹ̀káníìkì àdúgbò rẹ̀, pé kó gé síprìǹgì rẹ̀ kúrú.

"Ọ̀gá, ìka mẹ́rin péré ló kù láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀," ni Jímọ̀ wí nígbà tó gé e tán. "Ẹ má gbé e dé oko o."

"Gé e sí i. Mọ́tò gíga, mọ́tò àgbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yẹ ẹnu rẹ̀, nítorí àgbẹ̀ ni bàbá Fadérera, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣaya. Bàbá Olúgbódi ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó le tó o ní Òkè-Arère. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti wá tọrọ Fadérera. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀. Bàbá bi wọ́n pé, "Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ ń ṣà?" Ó sì lé wọn lọ.

Fadérera fẹ́ràn Gbóyèga dé góńgó, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ ìtọrọ tó pé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àyà yín kan ilẹ̀ o."

"Nínú léèsì funfun? Ìka kan ti tó."

Ọjọ́ pé, Gbóyèga wọ agbádá, ó ṣáájú àwọn ẹbí rẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé Bàbá Olúgbódi ti fi ọkọ́ kọ ebè kan dábùú ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́kadà tó ń tẹ ewúrẹ́ rẹ̀ pa. Taya iwájú kọjá, ikùn mọ́tò jókòó sórí ebè. Gbóyèga tẹná títí, mọ́tò ò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn.

Ó bọ́ọ́lẹ̀. Ó wò yíká, kò rí ẹnì kankan. Ló bá dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ mọ́tò láti wa erùpẹ̀ pupa náà kúrò. Irin kan gbá apá agbádá rẹ̀ mú. Bí ó ti ń fà á ni ó rí ẹsẹ̀ méjì níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ó tó, dìde."

"Bàbá, n kò lè dìde."

Bàbá Olúgbódi pariwo sínú ilé. "Ẹ wá wo ọmọ! Ó ní òun ò lè dìde láìgbàdúrà!"

Agbo ilé tú síta. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Ó wúre fún orí, fún ọwọ́, fún ọmọ tí wọn yóò bí àti ọmọ tí ọmọ náà yóò bí. Gbóyèga ń ṣe àmín, iyẹ̀pẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Fadérera rí apá agbádá tó há sábẹ́ mọ́tò. Ó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ìwúre tirẹ̀, ó sì fa aṣọ ya.

Gbóyèga dìde, erùpẹ̀ ti sọ agbádá funfun rẹ̀ di pupa láti àyà dé orúnkún.

"Èyí kò ṣà nǹkan," ni Bàbá wí. "Fadérera, ọkọ rẹ nìyí."

Nígbà tí wọ́n bí ọmọ kejì, ọkàn Fadérera kò lè gbé àṣírí náà mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ pé aṣọ ló há lọ́jọ́ náà.

Bàbá Olúgbódi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé n kò rí i? Ṣùgbọ́n ó ṣe àmín gbogbo rẹ̀, kò sì bínú. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣeé kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Èmi ò sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kankan, ọmọ mi. Mọ́tò tó rẹlẹ̀ ní í kọ́ ẹni tó ni ín ní ìdọ̀bálẹ̀."