Ọ̀dà Pupa Lára Katakata

"Ẹni tó bá kun àgbà lọ́dà, owó irin ni yóò gbà." Gbogbo yín lẹ mọ òwe yìí pa, ẹnu yín sì mú dáadáa. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ní abúlé Òkè-Ìlẹ́rú ni. Ìjì ṣí òrùlé Ọ̀jẹ́yẹmí, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo tó ní láti tà kó lè fi ra páànù ni katakata tí bàbá rẹ̀ fi ń túlẹ̀ oko, èyí tó ti ń sùn sábẹ́ igi ìyeyè láti ọjọ́ gbọọrọ. Oníbàárà kan ń bọ̀ láti Ìlọrin tìtorí rẹ̀.

Làmídì, mẹkáníìkì abúlé, yọjú lẹ́yìn ọgbà.

"Ọ̀jẹ́yẹmí, fọ ẹrẹ̀ ara katakata yẹn nìkan. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ló wà níbẹ̀. Má fọwọ́ kàn án o!"

Ìmọ̀ràn gidi ni. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ẹnu Làmídì ló ti jáde. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Ọ̀jẹ́yẹmí ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lójú àna rẹ̀, Làmídì sì rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbàgbé irú ìyẹn? Ọ̀jẹ́yẹmí bá ra ọ̀dà pupa, ó kun katakata títí ó fi ń dán bí ètè ìyàwó tuntun. Irin pẹlẹbẹ kò jẹ́ kí ọ̀dà jókòó dáadáa, ló bá ṣí i kúrò, ó fi òòlù tẹ́ ẹ, ó kàn án dí ihò ilé ewúrẹ́. Ọlọ́gbọ́n kì í fi nǹkan ṣòfò.

Oníbàárà dé, ó yí katakata po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá, orúkọ rẹ̀ dà? Ọdún wo ni wọ́n bí i?"

"Bí i kẹ̀? Ṣé ilé ìwé lẹ fẹ́ fi í sí ni?"

"Àgbà ni mo wá rà, Bàbá, ẹ̀rọ àtijọ́ ni mò ń kó jọ. Orúkọ rẹ̀ àti ara àtijọ́ rẹ̀ ni iye rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ kùn yìí, irin lásán ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n."

Ọ̀jẹ́yẹmí sáré lọ tú irin náà. Òòlù ti jẹ gbogbo lẹ́tà tán. Ìṣó sì ti gba àárín ọdún rẹ̀ kọjá.

Owó tó gbà kò ju páànù yàrá kan lọ, ìyàwó rẹ̀ ló sì ni yàrá ọ̀hún. Nígbà tí òjò dé, ara ewúrẹ́ gbẹ táútáú, ẹni tó ni wọ́n sì jókòó sábẹ́ agboòrùn nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Làmídì ń kọjá lọ. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní, "Ọ̀jẹ́yẹmí, kú òjò o." Ọ̀jẹ́yẹmí kò tíì dárí ìyẹn náà jì í.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ohun àtijọ́, tó wá ń fi ẹwà bo ohun tó gbé e níyì mọ́lẹ̀, àwọn àgbà a máa sọ fún un pé ẹni tó bá kun àgbà lọ́dà, owó irin ni yóò gbà.